Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ Fi Ògiri Kan Sílẹ̀ ní Ewékorò

Láti Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn dé etí òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bí 50 kìlómítà ni. Ìgbì òkun kì í dún sí etí ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi òòlù lu òkúta tó wà nínú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì nílùú náà, ohun tó máa ń jáde ni ìkarahun ìgbín inú òkun, ìkarahun oníhà méjì, àjákù ara akàn, àti àwọn ẹ̀dá roboto ẹlẹ́gùn-ún tó jọ òòrẹ̀. Gbogbo wọn ti di òkúta. Ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún.

Èyí ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì láti àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá ń lọ wò nínú ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ tí àwọn fúnra wọn ń pè ní fíìdì. Ẹni tó bá rí bọ́ọ̀sì wọn lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta lè rò pé ìgbafẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ìgbafẹ́ kọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n ń lọ fi ojú ara wọn rí. Ẹ̀rí ọ̀hún sì ń dín kù lójoojúmọ́, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gan-an ni ẹ̀rọ ti ń wa òkúta lọ sínú iná. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ìjọba, àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti àwọn yunifásítì fìmọ̀ ṣọ̀kan lé lórí: kí wọ́n fi ògiri òkúta kan sílẹ̀ ní Ewékorò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà á mọ́.

Kí ìdí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ bí òkúta ẹfun ṣe ń dáyé. Inú omi òkun ni èròjà rẹ̀ wà; ó ti yòrò mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ìgbín inú òkun, akàn, iyùn, àti irú àwọn ewé kan tó ń hù lábẹ́ omi máa ń fa èròjà yìí, wọ́n á sì fi kọ́ ilé tàbí ìkarahun sára. Nígbà tí wọ́n bá kú, ẹran ara wọn á jẹrà, ìkarahun wọn á sì ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ òkun. Ìran kan á kú lé òmíràn lórí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Èyí tó wà lókè á máa tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi le koko. Níbi tí òkun bá ti mọ́ gaara, tí kò jìn, tí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn iyùn àti àwọn ẹ̀dá tó dà bíi kànrìnkàn lè so mọ́ ara wọn, kí wọ́n sì kọ́ ògiri gàgàrà tó máa gùn lọ títí sábẹ́ omi. Ìbátan irú àwọn iyùn bẹ́ẹ̀ ni iyùn tí àwọn ọba ń so mọ́ ọrùn títí dòní.

Ewékorò kì í ṣe ògiri gàgàrà bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun tí kò jìn ni, níbi tí ìkarahun, iyùn àti ewé abẹ́ omi ti pọ̀ jọ. Nígbà náà lọ́hùn-ún, òkun bo apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ tó di gúúsù ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Òkúta kan náà ló nà lọ sápá ìwọ̀-oòrùn dé Onígbòlò ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tabligbo ní Togo, níbi tí wọ́n ti ń wà á fún sìmẹ́ńtì bákan náà. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló fa ààlà tó pín àwọn ìlú wọ̀nyí níyà. Òkúta tó wà lábẹ́ wọn kò mọ ààlà kankan. Ní ọdún 1964, nígbà tí Jones àti Hockey kọ ìwé wọn lórí ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, orúkọ Ewékorò ni òkúta náà ń jẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí òkúta yìí àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibikíbi lágbàáyé tí onímọ̀ bá ti ń kọ̀wé nípa ìgbésí ayé inú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àkókò yẹn, ó ṣòro kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láì dárúkọ Ewékorò.

Ìlú tí àwọn aráàlú mọ̀ sí ìlú sìmẹ́ńtì nìkan ti di orúkọ nínú ìmọ̀ ayé. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Ìtòrí àti agbègbè rẹ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ̀ yìí ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ń sọ fún wọn pé òkun ni ibẹ̀ rí.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí níbẹ̀ tí kò lè rí nínú kíláàsì? Àkọ́kọ́ ni bí àsìkò ṣe gùn tó. Olùkọ́ tó bá mọṣẹ́ á kọ́kọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta, kí wọ́n fọwọ́ kan òkúta tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, irú èyí tí Olúmọ jẹ́. Inú iná abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta bẹ́ẹ̀ ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Kò sí ìkarahun kankan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ewékorò, níbi tí òkúta ti tò ní ìpele ìpele bí ẹní tí wọ́n tẹ́ léra. Láàárín wákàtí kan lójú títì, wọ́n ti gba ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kọjá.

Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń ka òkúta bí ìwé. Ìsàlẹ̀ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀, òkè ni ó parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á na okùn ìwọ̀n, á kán ásíìdì díẹ̀ sórí òkúta láti wò bóyá yóò hó, á fi awò kékeré wo ìkarahun tó wà nínú rẹ̀, á sì ya ìpele kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó bá dé orí òkúta ẹfun, yóò bá amọ̀ líle aláwọ̀ eérú. Níbẹ̀ ni yóò ti yé e pé òkun náà yí padà: omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ di omi ẹlẹ́rẹ̀, àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ràn omi mímọ́ sì kógbá sílé. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Òkúta ló sọ ọ́.

Àwọn kan lè béèrè pé, ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí fídíò kò fi tó? Àwọn àgbà ti dáhùn ìbéèrè náà kí ẹ̀rọ tó dé: ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú àwòrán, ẹlòmíràn ló ti yan ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wò. Níwájú ògiri òkúta, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu ibi tí ìpele kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ti fọ apá kan, eruku ti bo òmíràn, ìkarahun kan sì lè fọ́ sí méjì kó dà bí ẹ̀dá méjì. Ibi tí iyèméjì bá wà ni a ti ń di onímọ̀.

Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹni tó bá kọ́ bí òkúta ṣe tò léra ní Ewékorò ni yóò lè sọ ibi tí omi kànga yóò ti jáde àti ibi tí kò ní jáde. Inú agbada ilẹ̀ kan náà tó nà láti Ghana dé ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀dà dúdú Agbábù wà. Inú rẹ̀ náà sì ni epo Ajé wà, nínú òkun lọ́ọ̀kán Àgbádárìgì, èyí tó sọ ìpínlẹ̀ Èkó di ibi tí epo ti ń jáde ní ọdún 2016. Orílẹ̀-èdè tó ń jẹun láti abẹ́ ilẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ abẹ́ ilẹ̀, ń fi ọ̀bẹ ẹlòmíràn jẹ iṣu rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti dojú kọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì yẹ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, nínú aṣálẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Guadalupe. Téńté rẹ̀ ga tó 2,667 mítà, kò sì sí ibi tó ga jù ú lọ ní gbogbo Texas. Ògiri tí àwọn ẹ̀dá inú òkun kọ́ ní ohun tó lé ní 260 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni òkè yìí. Àwọn ẹ̀dá bíi kànrìnkàn àti ewé abẹ́ omi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́ ọ, ògiri náà sì yí òkun àtijọ́ kan ká tó nǹkan bí 640 kìlómítà. Òkun náà gbẹ, iyọ̀ bo ògiri náà mọ́lẹ̀, ilẹ̀ sì gbé apá kan rẹ̀ sókè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ní àfonífojì McKittrick, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan gun òkè náà tó nǹkan bí 600 mítà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gùn ún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun jíjìn, ó gba inú ògiri náà kọjá, ó sì parí sí ibi tí omi kò ti jìn rárá lẹ́yìn ògiri. Àárín àwọn ọmọ kíláàsì tó ń gun ọ̀nà yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo náà wà, nítorí pé epo tó pọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè yẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo èyí tó yọ síta.

Ta ló dá àfonífojì náà sí? Ènìyàn lè rò pé ọ̀tá ilé iṣẹ́ epo ni. Wallace Pratt ni, ẹni tó jẹ́ onímọ̀ jiọ́lọ́jì àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ epo Humble gbà síṣẹ́. Ó ra ilẹ̀ sínú àfonífojì náà, ó kọ́ ilé síbẹ̀, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1960, ó fi ohun tó lé ní 5,000 éékà ta ìjọba lọ́rẹ. Ibẹ̀ wà nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣí fún aráàlú ní ọdún 1972. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ẹyọ ìkarahun kan kúrò níbẹ̀ ti rú òfin. Ọkùnrin tó fi òkúta di olówó ló mọ̀ pé ó yẹ kí òkúta kan wà tí kò ní jẹ́ ti títà.

Àpẹẹrẹ kejì tún sún mọ́ ti Ewékorò ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kúárì ni òun náà. Ní erékùṣù Isle La Motte, nínú adágún Champlain ní ìpínlẹ̀ Vermont, ògiri inú òkun kan wà tó ti lé ní 450 mílíọ̀nù ọdún, tó sì wà lára àwọn tó pẹ́ jù lágbàáyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń gé òkúta rẹ̀ dúdú tà. Ó wà nílẹ̀ ilé aṣòfin Vermont, níbi tí ìkarahun ìgbín àtijọ́ ti hàn gbangba lábẹ́ bàtà àwọn aṣòfin. Nígbà tí ètò wà láti tún ṣí ọ̀kan nínú àwọn kúárì náà láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn ará erékùṣù náà kò gbà. Wọ́n kó ara wọn jọ, ilẹ̀ náà sì di ibi ìdásí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àlejò lè rìn yí ká. Ní ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ibi àmì ìrántí ìṣẹ̀dá. Ní Bìrìtéènì ẹ̀wẹ̀, láti ọdún 1949 ni òfin ti fàyè gbà á pé kí wọ́n dá ibì kan sí nítorí òkúta rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá igbó sí nítorí ẹranko inú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn yóò sọ pé Ewékorò kì í ṣe Texas. Láti ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà níbẹ̀, òun ló sì fi iṣẹ́ lé ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́. Ilé, afárá àti ọ̀nà ń béèrè sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́, owó rẹ̀ lọ́jà sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Láìsí ìkarahun wọ̀nyẹn, kò sí sìmẹ́ńtì. Òkúta ẹfun àti amọ̀ tí wọ́n sun nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ń lọ̀ di í. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ kankan pa. Ṣùgbọ́n òkúta Ewékorò nà lọ jìnnà. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ìbésè pẹ̀lú. Ògiri kan tí kò gùn ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ, ní igun tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, kò ní dín àpò sìmẹ́ńtì kù lọ́jà.

Àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Olúmọ jẹ́ òkúta tó ṣeé fọ́ ta fún àwọn tó ń kọ́lé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dábàá rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn: ó gba àwọn baba ńlá là nígbà ogun. Òkúta Ewékorò ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ láìwẹ̀yìn ni pé kò tíì sí ẹni tó sọ ìtàn náà fún aráàlú ní èdè tó yé wọn. Láti kékeré ni ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ pé omi ló bo ilé ayé kí Odùduwà tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, kí adìyẹ tó tàn án ká. Òkúta Ewékorò kò wá jẹ́rìí sí ìtàn yẹn, kò sì wá takò ó. Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ bá ara mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbọ́ pé omi ni ilẹ̀ rí nígbà kan, tí wọ́n wá fi ìkarahun òkun lé lọ́wọ́ láàárín oko, ìbéèrè tí yóò béèrè lọ́jọ́ náà kò ní tán nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń bí onímọ̀.

Ọ̀nà láti ṣe é kò ṣòro. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ti sọ pé ẹni tó bá wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn tó bá parí. Kí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ohun àlùmọ́nì gbà pé ògiri kan tí wọ́n fi sílẹ̀, tí wọ́n ṣe ọgbà yí ká, tí wọ́n sì la ọ̀nà tó dára dé ìdí rẹ̀, jẹ́ apá kan àtúnṣe náà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ri pátákó sí ojú ọ̀nà, kí ó sì wá iyàrá kan fún àwọn ìkarahun tó dára jù ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àlàyé ní Yorùbá. Kí àwọn onímọ̀ láti yunifásítì yan igun tí gbogbo ìpele ti hàn, kí ó má bàa jẹ́ pé ibi tí kò wúlò ni wọn yóò dá sí.

Ojúṣe àwọn yunifásítì kò pin síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àpò àwọn òbí ni owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún irú ìrìn-àjò yìí ti ń wá, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá sì ní, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó ya àwòrán ẹlòmíràn dà kọ lọ. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ dandan, owó rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan nínú ètò ìnáwó ilé-ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí owó iná àti ti yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀rù ojú ọ̀nà tó ń ba àwọn òbí lónìí kì í ṣe asán. Ọkọ̀ tó péye, awakọ̀ tó jí, akoto lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nínú kúárì, àti ìpadàbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò pa ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n wọ́gi lé ìrìn-àjò náà.

Igi gànnàngànnàn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Igi tí wọ́n bá gé lónìí lè hù padà lẹ́yìn 30 ọdún. Ilé tó bá wó ṣeé tún kọ́. Òkúta tó gbà tó mílíọ̀nù ọdún kí ó tó di òkúta, tí ẹ̀rọ sì lọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ní irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ ọmọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òní bá gbé òòlù wọn dé Ewékorò, yálà kí wọ́n bá ògiri tí wọn yóò kà, tàbí kí wọ́n bá kòtò tó kún fún omi òjò. Ọwọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìwakùsà lónìí ni yíyàn náà wà.